Ọjọ́ Tí Mo Fa Ọmọ Mi Lé Awakọ̀ Òfuurufú Lọ́wọ́

Iṣẹ́ aṣọ rírán ni mò ń ṣe ní Logbaba, ní ìlú Douala, ní Cameroon. Mo ti ṣe é pẹ́ débi pé tí mo bá pàdé èèyàn lọ́nà, èjìká rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń wò kí n tó wo ojú rẹ̀. Ẹnu mi mú, inú mi sì máa ń tètè ru. Àwọn ọmọṣẹ́ mi mọ̀ bẹ́ẹ̀, ọkọ mi tó ń ta báàgì ìrìnàjò ní ọjà Marché Central mọ̀ bẹ́ẹ̀, ọmọbìnrin mi tó jẹ́ àbíkẹ́yìn wa sì mọ̀ ọ́n ju gbogbo wọn lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ tó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù pé òun fẹ́ di awakọ̀ òfuurufú, ó kọ́kọ́ gbé sísọ́ọ̀sì kúrò níwájú mi ná.

Ẹ̀rín ni mo rín. Mo rò pé ó ń ṣeré ni. Ọmọ tó ti parí yunifásítì, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì àwọn tó ń bá èèyàn gba ẹrù jáde ní èbúté, tó ń wọ bàtà gíga lọ síbi iṣẹ́, kí ló ń wá lójú ọ̀run? Èmi tí mo bí i kò tíì wọ bàálù rí. Mọ́tò la fi ń lọ sí Ìsẹ́yìn, ilé wa. A ó jókòó títí ìdí á fi kú, a ó sọ̀ kalẹ̀ ní bodè, wọn á tú báàgì wa wò, a ó tún dì í padà. Mo bi í pé, "Bàálù tó ń fò yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Òun náà."

"Ta ló máa wà nídìí rẹ̀?"

"Èmi."

Kò rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ni mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ.

Kí n má purọ́, ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n orí mi ti wú kí ẹ̀rù tó dé. Láti ọjọ́ náà ló ti ń kó ohun tó bá rí wá síwájú èmi àti bàbá rẹ̀ nígbàkigbà tí a bá jẹun tán. Ó ní ọ̀nà méjì ló wà. Ti àkọ́kọ́ ni kí èèyàn wọ ilé-ẹ̀kọ́ ńlá kan lókè òkun láìmọ nǹkan kan, kó máa sùn níbẹ̀, kó máa jẹun níbẹ̀, kó má ṣe iṣẹ́ mìíràn, títí yóò fi gba gbogbo ìwé àṣẹ tó yẹ kí awakọ̀ òfuurufú ní. Ti èkejì ni kó máa mú un díẹ̀díẹ̀. Yóò kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ tí yóò fi máa fò fún ara rẹ̀ nìkan, tí kò lè fi gba owó ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà yóò máa kó wákàtí jọ lójú ọ̀run, yóò kọ́ bí wọ́n ṣe ń fò nínú ìkùukùu láìríran, kó tó wá kan ìwé àṣẹ tí èèyàn fi ń ṣiṣẹ́ jẹun. Láàárín ìpele kan sí ìkejì, ó lè máa bá iṣẹ́ ọ́fíìsì rẹ̀ lọ. Bàbá rẹ̀ ní kó kúkú lọ kọ́ ọ ní Nàìjíríà, kí àwọn àbúrò òun lè máa yọjú sí i. Ọmọ náà ní, "Papa, ibi yòówù kí n lọ, ọ̀nà méjèèjì náà ló wà níbẹ̀. Èmi ni kí n yan ọ̀kan."

Mo bi í pé, "Èwo ló yá jù?"

"Ti àkọ́kọ́."

"Òun ni ká mú."

Bí mo ṣe rí nìyẹn. N kì í gbé aṣọ oníbàárà kọ́ kó máa wò mí lójú. Mo sọ fún un pé mo fẹ́ rí i nínú aṣọ awakọ̀ òfuurufú nígbà tí ojú mi ṣì lè fi òwú bọ abẹ́rẹ́.

Ṣùgbọ́n ọmọ náà ní kí a tó yan ohunkóhun, dókítà ló kù. Dókítà kan wà tó jẹ́ pé àwọn awakọ̀ òfuurufú ló ń yẹ̀ wò, tó ń wo ojú wọn, etí wọn, ọkàn wọn. Bí ó bá kọ̀, ọ̀nà méjèèjì dí nìyẹn. Àyà mi já, torí pé ọmọ mi ti ń lo ìgò ojú láti kékeré. Mo pariwo mọ́ ọn pé kí ló dé tó ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá ìròyìn burúkú lọ, ṣé kò lè jẹ́ ká kọ́kọ́ gba àyè ní ilé-ẹ̀kọ́ náà ná? Ó dúró títí mo fi pariwo tán. Ó wá ní, "Màmá, ṣé ẹ máa ń gé aṣọ kí ẹ tó wọn ẹni tó ni ín?"

Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Èmi àti ẹ̀ la jọ lọ. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń ka gbogbo àdúà tí mo mọ̀, mo tún ń ka èyí tí n kò mọ̀ dáadáa. Nígbà tó jáde, ìgò ojú rẹ̀ wà ní imú rẹ̀, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n ní ìgò kò burú, bí ó bá ṣáà ti ń ríran dáadáa pẹ̀lú rẹ̀. Mo wọlé lọ kí dókítà bí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ̀bí ọmọ mi, ọmọ mi ló fà mí jáde.

Ó yẹ kí n sọ bí a ṣe ń gba ọmọṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù mi, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń bọ̀. Bí ìyá kan bá mú ọmọ rẹ̀ wá pé kó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, n kì í dá a lóhùn lọ́jọ́ náà. Mo máa ń sọ fún un pé kó lọ jókòó ti àwọn ọmọṣẹ́ tó wà nílẹ̀, lórí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́yìn ilé, kó bi wọ́n ní ohun tó bá wù ú. Èmi á sì jáde kúrò níbẹ̀ kí wọ́n lè rí mi sọ láìdá mi sí. Ọ̀gá mi ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Bí ìyá náà bá gbọ́ tẹnu wọn tán, tó ṣì fẹ́ mi, ìgbà náà ni yóò mú ọwọ́ ọmọ rẹ̀, yóò fi í sínú ọwọ́ mi, yóò ní, "Mo fà á lé yín lọ́wọ́." Ọmọ náà di tèmi nìyẹn, àti ìbáwí rẹ̀, àti oúnjẹ rẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá gba òmìnira, níwájú gbogbo ènìyàn, èmi ni n ó mú ọwọ́ náà, n ó fi í padà sínú ọwọ́ ìyá rẹ̀. Àwọn ìyá máa ń sunkún níbẹ̀. Èmi náà máa ń sunkún, ṣùgbọ́n mo máa ń bá àwọn tó ń se oúnjẹ jà ní kíá kí ẹnikẹ́ni má baà rí i.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ti dókítà, aṣojú ilé-ẹ̀kọ́ ńlá kan láti òkè òkun wá sí Douala, ó gba gbọ̀ngàn ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Akwa, ó ní kí àwọn tó bá fẹ́ di awakọ̀ òfuurufú wá pẹ̀lú òbí wọn. Ọkọ mi kò lè fi ọjà sílẹ̀, èmi àti ọmọ la lọ. Mo wọ léèsì tí n kì í wọ̀ lásán. Nígbà tí ọkùnrin náà jáde sórí pèpéle, mo gbàgbé ara mi. Aṣọ funfun tó wọ̀! Èjìká rẹ̀ jókòó bí ẹni pé wọ́n rán an mọ́ ọn lára ni. Kọ́là rẹ̀ dúró. Okùn wúrà tó wà léjìká rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, abẹ́rẹ́ kankan kò fò. Mo wo ìdí aṣọ náà, mo wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀, n kò rí ibi tí mo lè bú. Ó ń fi àwòrán hàn lára ògiri, bàálù funfun tí wọ́n tò lọ salalu, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń rẹ́rìn-ín nínú aṣọ kan náà. Ó ń sọ ọ̀rọ̀ lọ ní Faransé, mo gbọ́ díẹ̀, n kò gbọ́ púpọ̀. Ojú ọmọ mi ni mò ń rí nínú aṣọ náà.

Nígbà tó parí, àwọn òbí tò láti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó kàn wá. N kò mọ ohun tó gbé mi wọ̀. Mo mú ọwọ́ ọmọ mi, mo fi í sínú ọwọ́ ọkùnrin náà, mo sì sọ ọ́ ní Yorùbá, tariwo-tariwo, níwájú gbogbo wọn, pé, "Mo fà á lé yín lọ́wọ́."

Ọkùnrin náà kò mọ ohun tí mo sọ. Ó rò pé mo ní kí wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́ ni, ó ń mi ọwọ́ náà sókè-sódò, ó ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọmọ mi gbọ́. Abẹ́ tábìlì ṣọ́ọ̀bù mi ló ti rákòrò, ó mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ yọ. Kò fà á yọ pẹ̀lú ìbínú, ó kàn rọra fà á yọ, ó ní "Merci, monsieur," ó sì mú ẹ̀yìn apá mi, ó fà mí jáde.

Àbùkù! Nínú takisí, mo fi Yorùbá bú u láti Akwa títí a fi kọjá ọ̀nà tó lọ sí PK8. Mo ní ó dójú tì mí láàárín àwọn ìyá tó ni ìlú. Mo ní ọmọ wo ló ń fa ọwọ́ yọ nígbà tí ìyá rẹ̀ fi í lélẹ̀? Mo ní kó lọ wá ìyá mìíràn. Dírẹ́bà wò mí nínú dígí, ó ní, "Mami, take heart." Mo ní kó máa wa mọ́tò rẹ̀ lọ.

Ìgbà tí mo dúró láti mí ni ọmọ mi tó sọ̀rọ̀. Yorùbá rẹ̀ máa ń tiro díẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó sọ lọ́jọ́ náà kò tiro rárá. Ó ní, "Màmá, àwọn ọmọṣẹ́ ọkùnrin yẹn ńkọ́? Ṣé a ti bá wọn jókòó?"

Ìbínú mi kú síbi tó wà. Èmi tí n kì í jẹ́ kí ìyá kankan fa ọmọ lé mi lọ́wọ́ láìgbọ́ tẹnu àwọn ọmọṣẹ́ mi, nítorí kọ́là, nítorí okùn wúrà, mo fẹ́ fa tèmi lé ẹni tí n kò mọ ilé rẹ̀ lọ́wọ́. Ọmọ náà ló rántí àṣà mi fún mi. Mo fi ojú sí fèrèsé takisí, inú mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò fẹ́ kó mọ̀.

Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, ó wá ọmọ Cameroon kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ náà kàn lórí fóònù, ọmọbìnrin bíi tirẹ̀. Ó gbé fóònù sórí tábìlì ìgéṣọ, ó jẹ́ kí gbogbo wa máa gbọ́, ó ní, "Màmá, ẹ bi í." Mo dá gbogbo ẹ̀rọ dúró. Mo bi í ní Píjìn bí mo ṣe máa bi ọmọṣẹ́ ẹlòmíràn, "My pikin, you di chop fine?" Ó ní òun ń jẹun dáadáa. Mo bi í bóyá ọ̀gá rẹ̀ ń lu wọ́n. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní rárá o. Mo wá bi í pé, "When you fly last?"

Ó ní, "Mami, I no di count again."

Ó wá ṣàlàyé ìdí tí òun kò fi ka ọjọ́ mọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ ju bàálù tó ń ṣiṣẹ́ lọ. Àwọn bàálù tó kù, tí a rí nínú àwòrán, ń retí ẹ̀yà ara tí kò dé. Wọ́n ń jókòó sí kíláàsì, wọ́n ń retí kó kàn wọ́n, bí ó bá sì tún kàn wọ́n, ọwọ́ wọn ti kú, wọn á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìdí. Ọ̀rọ̀ yìí yé mi dáadáa. Ọmọṣẹ́ tí kò bá fọwọ́ kan aṣọ fún ìgbà pípẹ́, bí ó bá padà dé, yóò máa rán apá mọ́ ọrùn.

Ọmọ mi pa fóònù. Kò ní, "Ṣé ẹ rí i?" Ká ní èmi ni, mi ò bá ti sọ ọ́. Ohun tó sọ ni pé ilé-ẹ̀kọ́ ńlá tó dára wà, pé gbogbo wọn kọ́ ló rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun ti mọ ara òun. Ó ní òun fẹ́ mú un díẹ̀díẹ̀, níbi tí òun á ti máa rí ojú ẹni tó ń kọ́ òun. Òun kò ní fi iṣẹ́ òun sílẹ̀, bí òun bá sì gun ìpele kan tán ni òun á tó wo èyí tó kàn.

Mo ní, "Ìgbà wo ni wọ́n máa wá fi ọwọ́ rẹ padà sọ́wọ́ mi?"

"Yóò pẹ́, Màmá."

Ó dùn mí. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń retí nǹkan, ẹni tó bá sì mọ̀ mí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọkọ mi ló wò mí lálẹ́ ọjọ́ náà tó ní, "Ìyá ọmọ, òun ló máa wà nídìí bàálù, kì í ṣe ìwọ."

Ẹgbẹ́ kékeré kan ti àwọn tó ń wa bàálù ni ọmọ mi wá rí, nítòsí pápákọ̀ òfuurufú, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn ní ìpele àkọ́kọ́. A lọ síbẹ̀ ní Sátidé. Bàálù tí mo rí kéré débi pé mo rò pé ìyókù rẹ̀ ṣì ń bọ̀. Olùkọ́ wọn jẹ́ bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ bàálù ńlá. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó ti ṣá, bọ́tìnì kan kò bá àwọn tó kù mu. Mo ti ń pọ́n ẹnu mi dè é. Ó kí wa, ó bu omi fún mi, ó wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tó jókòó sábẹ́ òrùlé páànù, ó sì sọ fún ọmọ mi ní Faransé pé kí a lọ jókòó tì wọ́n, kí a bi wọ́n ní ohun tó bá wù wá. Ó wá rìn lọ sí òdìkejì pápá, ó kọ ẹ̀yìn sí wa.

Mo wo ọmọ mi. Ọmọ mi wò mí. Kò sí ẹni tó sọ àṣà mi fún bàbá náà o.

Mo bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà títí ó fi sú wọn. Wọ́n ń fò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àfi tí òjò bá kọ̀ fún wọn. Ọ̀kan nínú wọn ṣàròyé pé òun fo ohun kan péré nínú àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe kí bàálù tó gbéra, bàbá náà sì gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ òun, ó ní kí òun lọ sílé, kí òun padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó rò pé òun ń bà á lórúkọ jẹ́ ni. Èmi tí mo máa ń tú gbogbo aṣọ nítorí ojú rírán kan tó wọ́, mo fẹ́ dìde lọ dì mọ́ bàbá náà.

Nígbà tó padà dé, mo mú ọwọ́ ọmọ mi. Lọ́tẹ̀ yìí mo kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀. Ó mi orí sí mi. Mo fi ọwọ́ náà sínú ọwọ́ bàbá náà, mo ní, "Mo fà á lé yín lọ́wọ́." Bàbá náà kò mì í sókè-sódò. Ó dúró, ó bi ọmọ mi pé kí ni ìyá rẹ̀ sọ. Ọmọ mi túmọ̀ rẹ̀ fún un, pẹ̀lú ti ọjọ́ òmìnira tí ọ̀gá máa ń dá ọwọ́ padà. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ kejì bo ọwọ́ ọmọ mi. Ó gbà, ó ní, "D'accord, maman."

Láti ìgbà náà, ọ́fíìsì ni láàárín ọ̀sẹ̀, pápá ni ní Sátidé. Ó máa ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi lẹ́yìn iṣẹ́, pẹ̀lú ìwé nílẹ̀, tí á máa fi ẹnu kọ́ ọ̀rọ̀ tí awakọ̀ máa ń bá àwọn tó wà ní ilé ìṣọ́ bàálù sọ, àwọn ọmọṣẹ́ mi á sì máa dáhùn bí ẹni tó wà ní ilé ìṣọ́. Ó rẹ̀ ẹ́, ó rù, òjò gba Sátidé púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi ni mò ń bá òjò jà. Òun kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Yóò ká ìwé rẹ̀, yóò ní, "Sátidé tó ń bọ̀." Mo máa ń wò ó, kí n máa rò ó pé ta ni ọmọ yìí fi sùúrù jọ, torí kì í ṣe èmi.

Ní Sátidé kan, bàbá náà fúnra rẹ̀ pè mí lórí fóònù pé kí n máa bọ̀. N kò bi í pé kí ló dé. Mo fi tépù ìwọnṣọ sọ́rùn wọ takisí. Nígbà tí mo dé, bàálù kékeré náà ń bú ramúramù létí ọ̀nà rẹ̀, ọmọ mi wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú bàbá náà. Mo rí i tí ilẹ̀kùn ṣí. Bàbá náà sọ̀ kalẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn náà, ó gbá a pẹ́pẹ́, ó sì ń rìn bọ̀ wá sọ́dọ̀ mi.

Mo kígbe pé, "Ta ló kù nínú ẹ̀?"

Ó nàka sí i. Ọmọ mi nìkan ni.

Bàálù náà sáré, ó sáré, ilẹ̀ sì fi í sílẹ̀. Mo di tépù mú lọ́rùn mi. Kò sí ọ̀gá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sí ìyá lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ tí mo fi ọ̀já pọ̀n lọ sí Marché Central, òun nìkan ló wà lókè yẹn tó ń yí bàálù padà lójú ọ̀run Douala. Ó yí, ó tún yí, ó ń bọ̀. Ó fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀, ó fò díẹ̀, ó tún kàn án, ó jókòó. Mo pariwo débi pé àwọn tó ń tún bàálù ṣe sáré jáde. Mo ń sunkún, kò sì sí ẹni tí mo lè bá jà kí n fi bò ó mọ́lẹ̀.

Ọmọ mi sọ̀ kalẹ̀, ìgò ojú rẹ̀ ti kún fún òógùn. Bàbá náà mú un lọ́wọ́, ó mú un wá síwájú mi, ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín, ó sì na ọwọ́ náà sí mi láti dá a padà, bí a ṣe sọ fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kò gbàgbé.

Mo gba ọwọ́ náà. Ó gbóná. Ká ní ọjọ́ òtẹ́ẹ̀lì ni, mi ò bá ti mú un lọ sílé. Ṣùgbọ́n mo rántí ìkùukùu tí kò tíì kọ́, àti wákàtí tí kò tíì kó jọ, àti ìwé àṣẹ tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ jẹun. Mo tún fi ọwọ́ ọmọ mi padà sínú ọwọ́ bàbá náà.

Mo ní, "Sọ fún un pé kò tíì yá. Ọjọ́ tí o bá fi bàálù gbé mi lọ sílé ní Nàìjíríà ni kó tó dá ọ padà fún mi."

Ọmọ mi gbìyànjú láti túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé, ẹkún kò jẹ́ kó parí rẹ̀. Bàbá náà kò dúró de ìyókù. Ó di ọwọ́ náà mú.